Atóka Tí Mo Kó Jọ Títí Ó Fi Pé

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ará oko, ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà Ìlá sí Òkè-Ìlá, ẹ̀yin ará Ọ̀rà, gbogbo ọmọ Ìgbómìnà níbikíbi tí ohùn mi bá dé, ọ̀rọ̀ ìwé ni mo gbé wá bá yín lónìí. Kì í ṣe ìwé tí olùkọ́ ń fi pàṣán lé ọmọ kà. Ọ̀rọ̀ Atóka ni.

Ẹni tó bá ti lé láàádọ́ta ọdún nínú yín, mo mọ̀ pé inú rẹ̀ ti dùn ná. Àwọn ọ̀dọ́ ló máa béèrè pé kí ló ń jẹ́ Atóka. Ẹ gbọ́ ná. Ìwé ìròyìn kan ni, tí wọ́n fi fọ́tò ṣe eré tíátà sínú rẹ̀. Àwọn òṣèré á múra, wọ́n á ṣeré, ayafọ́tò á máa yà wọ́n bí eré ṣe ń lọ. Wọ́n á wá to fọ́tò wọ̀nyí tẹ̀lé ara wọn lójú ìwé, wọ́n á sì tẹ ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu òṣèré kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn. Ẹ óò máa wo ojú ìyálé tó ń bínú, ẹ óò máa ka èébú tó ń bú. Ẹ óò wo ọkọ tó káwọ́ lẹ́rán, ẹ óò ka irọ́ tó ń pa. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Ọdún 1967 ló bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ilé iṣẹ́ West African Book Publishers l'Ékòó ló ń tẹ̀ ẹ́, Ṣẹ́gun Ṣófowótẹ̀, ọ̀gá nínú iṣẹ́ orí ìtàgé, sì ṣe olótùú rẹ̀. Ó lé lógún ọdún tó fi wà lórí àtẹ.

Atóka nìkan kọ́ ló ṣe irú rẹ̀ láyé. Ní ilẹ̀ Ítálì, láti 1947 ni wọ́n ti ń fi fọ́tò ṣe ìtàn ìfẹ́ sínú ìwé ìròyìn. Ní ọwọ́ ìparí àwọn ọdún 1960, ilé iṣẹ́ Drum gbé African Film jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì, Lance Spearman ni akọni inú rẹ̀, àwọn ọmọkùnrin ilé ìwé gíga sì fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó. Ṣùgbọ́n Atóka ni tiwa. Nínú rẹ̀ ni ìyá tí kò mọ ABD ti lè jókòó kó dá sí ọ̀rọ̀ ìwé.

Ohun tó mú mi máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí ni pé eré kan kì í tán nínú ẹ̀dà kan. Wọ́n á pín in sí apá. Wọ́n á gbé yín dé ibi tí ọbẹ̀ ti ń hó lórí iná, tí ìyàwó kékeré fẹ́ ṣí ìkòkò, tí ẹ ti mọ̀ pé ẹnìkan ti da nǹkan sínú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ojú ìwé á ti tán. Ó di ìgbà tí ẹ̀dà mìíràn bá dé. Kó tó dé, gbogbo agbo ilé á ti parí eré náà bó ṣe wù wọ́n, ìjà á sì ti ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀.

Àwa ará Ọ̀ṣun ló yẹ kó mọyì Atóka jù, nítorí ilẹ̀ wa ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá tíátà ìgbà náà fi ṣe ibùjókòó. Òṣogbo ni Dúró Ládipọ̀ wà tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní 1962. Òṣogbo náà ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá fi ṣe ilé, ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí ti ń gbéra. Ọmọ Iléṣà ni Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa. Bàbá Sàlá àti Adéjọbí kì í ṣe àlejò lójú ìwé Atóka. Irú ẹgbẹ́ wọ̀nyí á kó sínú bọ́ọ̀sì tó ní gbohùngbohùn lórí, wọ́n á polówó eré yíká ìlú lọ́sàn-án, wọ́n á ṣe é lálẹ́ nínú gbọ̀ngàn, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa wọ́n ti kọjá sí ìlú mìíràn. Ìlú tó wà lójú títì ńlá ń rí wọn jù wá lọ. Láti Òṣogbo, ẹ óò kọjá Ìkìrun, ẹ óò kọjá Òkukù, ẹ óò kọjá Ọ̀yán kí ẹ tó fojú kan Ìlá. Ẹni tí wọn kò dé ìlú rẹ̀, àti ẹni tí wọ́n dé ìlú rẹ̀ tí kò rówó ẹnu ọ̀nà san, Atóka ni wọ́n fi ń wo tíátà tiwọn.

Kí àwòrán máa sọ ìtàn kò sì jẹ́ tuntun ní Ìlá. Agboolé Fákẹ́yẹ tó ń gbẹ́gi nílùú yìí ti ń ṣe é kí ẹ̀rọ fọ́tò tó wọ̀lú. Ẹ wo irú ilẹ̀kùn tí olóògbé Làmídì Fákẹ́yẹ, tó papò dà ní 2009, máa ń gbẹ́: á pín igi náà sí ojú mélòó kan, ọba lórí ẹṣin lójú kan, ìyá tó kúnlẹ̀ lójú kejì, onílù lójú kẹta. Ojú ẹni tó ń wò ó ló máa so wọ́n pọ̀ di ìtàn. Ọmọ tó dàgbà níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ní láti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ka Atóka.

Télọ̀ ni bàbá mi. Ẹ̀yìndì nílùú yìí ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, Atóka ló sì máa ń kó sórí bẹ́ǹṣì fún àwọn tó ń dúró gba aṣọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló máa ń kà á sókè fún gbogbo wa. Tó bá kan ìyálé, ohùn rẹ̀ á le. Tó bá kan ọkọ, á fa ohùn sísàlẹ̀ ọ̀fun. Tí ará Ìjẹ̀bú bá wà nínú eré, Ìjẹ̀bú náà ló máa sọ. Àwọn ìyá àgbà tí kò mọ̀wé á ní kó gbé ìwé náà sún mọ́ àwọn, wọ́n á tẹjú mọ́ òṣèré, wọ́n á ní, "Irọ́ lèyí ń pa, ẹ ò rí i bó ṣe ń wo ẹ̀gbẹ́ kan." Ohun tí wọ́n bá sọ, ẹ̀dà tó ń bọ̀ ló máa fi hàn pé wọ́n jàre. Àwa ọmọ ilé ìwé ti yára ka ọ̀rọ̀ kọjá. Ojú ènìyàn ni wọ́n ń kà ní tiwọn.

Nígbà tí bàbá mi fayé sílẹ̀ tí a ṣí àpótí rẹ̀, a bá Atóka níbẹ̀. Òwú ìránṣọ ló fi dì wọ́n, kánfọ̀ wà láàrin wọn, ó sì ti fi bírò pupa kọ nọ́ńbà sí èèpo ìkọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe tẹ̀lé ara wọn. Eré orogún kan ló pọ̀ jù níbẹ̀. N kò ní dárúkọ eré náà fún yín, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé àwọn kan ṣì ń wá a kiri bí mo ṣe wá a, n kò sì fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ni wọ́n ti máa gbọ́ bó ṣe parí. Apá àkọ́kọ́ wà, àwọn tó tẹ̀lé e wà, lẹ́yìn náà àlàfo, lẹ́yìn àlàfo a tún rí díẹ̀. Òpin kò sí.

Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ òpin rẹ̀ fún mi láti kékeré, mo sì fẹ́ràn bó ṣe ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìtàn tí wọ́n sọ fúnni àti èyí tí a fojú ara ẹni kà, wọn kì í ṣe ohun kan náà. Mo fẹ́ rí ojú ìyálé yẹn ní ọjọ́ tí àṣírí tú.

Ìwákiri bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ń ta ẹ̀pà lọ́jà ni mo kọ́kọ́ lọ bá, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ ń gbà kú. Òkìtì òkìtì ni wọ́n ń rà á láti fi pọ́n ẹ̀pà. Mo rí ìwé ìdánwò, mo rí kàlẹ́ńdà ìjọ, mo rí ìwé ìròyìn Aláròyé àtijọ́ rẹpẹtẹ, n kò rí Atóka. Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pàtẹ ògbólógbòó ìwé l'Óṣogbo. Mo dé Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn. Òǹtàwé kan níbẹ̀ ti mọ ohun tí mò ń wá kí n tó parí ọ̀rọ̀. Ó ní àwọn tó ń wá a pọ̀, àwọn tó fẹ́ tà á ni kò sí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa ẹ̀dà kan yọ lábẹ́ tábìlì, inú ọ̀rá ló wà. Kì í ṣe eré tèmi. Mo rà á bẹ́ẹ̀ náà, nítorí bí mo ṣe ń wá tèmi ni ẹlòmíràn ń wá ìyẹn níbì kan, a sì lè jọ ṣe pàṣípààrọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ọgbọ́n tí àwọn tó ń kó Atóka jọ ń dá nìyẹn, òun sì ni mo gba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú pé kí wọ́n dá.

Ohun tí mò ń wá dé Ìbàdàn, Òkè-Ìlá ló wà. Màmá kan, ọ̀rẹ́ ìyá mi, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà níbi òkú ṣíṣe kan. Ó ní, "Ìwé tí wọ́n ya fọ́tò tíátà sí yẹn? Ó wà nílé mi, ọmọ mi." Mo bá wọn lọ. Ẹ mọ̀ pé àwọn ìyá wa máa ń tẹ́ ìwé sí ìdí àpótí páànù kí ó má baà dóògún sí aṣọ lára. Màmá ṣí àpótí, wọ́n ń kó aṣọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń sọ ìtàn ìkọ̀ọ̀kan: òfì tí wọ́n ró lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àdìrẹ tí ọmọ wọn rà bọ̀ láti Abẹ́òkúta, aṣọ ẹbí tí wọ́n dá nígbà tí ìyá tiwọn kú. N kò kán wọn lójú. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Nígbà tó kan ìdí àpótí, Atóka ló wà níbẹ̀, wọ́n ti tú u sí ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ́ ẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ti pọ́n, eteetí rẹ̀ ń fọ́ sí mi lọ́wọ́, òórùn kánfọ̀ àti ti aró gbà á kan. Àwọn apá àárín tó sọnù sí mi ni. Màmá ní kí n máa kó o lọ, kí n ṣáà wá ìwé mìíràn tí wọ́n máa tẹ́ sí àpótí. Kàlẹ́ńdà ńlá ni mo gbé lọ fún wọn.

Ó wá ku òpin. Ọ̀rà ni mo ti rí i, mi ò sì rò pé mo lè rí i níbi tí mo ti rí i. Bàbá onígbàjámọ̀ kan ló ní ṣọ́ọ̀bù náà. Nígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, wọ́n lẹ Atóka mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù láti òkè délẹ̀, kí ẹni tó ń gẹrun àti ẹni tó ń dúró lè rí nǹkan kà. Ẹ rántí pé ewé ìwé ní ojú méjì. Tí ẹ bá lẹ ẹ́ mọ́ ògiri, ojú kan á bọ́ sẹ́yìn, ìdajì eré ti bá ògiri lọ. Bàbá ti rò ó: ẹ̀dà méjì-méjì ni wọ́n máa ń rà, kí ojú méjèèjì lè wà níta. Wọ́n ní àwọn oníbàárà wọn kan máa ń wá gẹrun tí irun ò tíì hù.

Èéfín àtùpà ti pa ìlà òkè, omi òjò ti gba orí ìlà kan ṣàn. Ṣùgbọ́n òpin eré mi wà níbẹ̀ gbágbágbá. Mo kà á lórí ìdúró, mo kà á lórí ìbẹ̀rẹ̀, mo kúnlẹ̀ ka èyí tó wà nítòsí ilẹ̀. Dígí ńlá ni wọ́n gbé kọ́ sórí ojú ewé tó ṣe kókó jù. Bàbá fọwọ́ ara wọn sọ dígí náà kalẹ̀ fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí ojú ìyálé. Mo bẹ Bàbá kí wọ́n jẹ́ kí n fi omi rẹ ìwé náà kúrò lára ògiri, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ó máa ya, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Fóònù ni mo fi yà á, ojú ewé kọ̀ọ̀kan, ìlà kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pé, mo tún un kà látòkè délẹ̀ ní ìjókòó kan. Ohun tí mo wá bá yín sọ gan-an nìyí. Eré tí a ń kà ní apá-apá, tí a ń dúró láàrin, tí apá kan sì ń sọnù, a kì í rí i tán. Nínú apá àkọ́kọ́, ọmọdé kan wà lẹ́yìn nínú fọ́tò, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò sọ nǹkankan, wọn kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Nínú apá tó tẹ̀lé e, ó tún wà níbẹ̀. Ó wà nínú àwọn ewé tí mo kó jáde nínú àpótí Màmá náà. N kò ní sọ ohun tí ọmọ náà wá ṣe lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ya fọ́tò wọ̀nyẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n ti fi òpin eré pamọ́ sínú àwòrán láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn kò fi sínú ọ̀rọ̀. Mo sì rántí pé ìyá àgbà kan ní ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ti na ìka sí ọmọ yẹn nígbà náà, tí wọ́n bi wá pé, "Kí lọmọ yìí ń wò?" Kò sẹ́ni tó dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ ni a gbájú mọ́.

Nǹkan kejì ya mí lẹ́nu. Òpin tó wà lára ògiri l'Ọ́rà, òpin tí ẹ̀gbọ́n mi ń sọ kọ́. Mo fi fóònù han ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n wò ó pẹ́ títí. Wọ́n ní àwọn kò ka apá tó kẹ́yìn rí. Òṣogbo ni wọ́n ti wo eré náà lórí ìtàgé, nígbà tí wọ́n wà nílé ìwé níbẹ̀, bó sì ṣe parí lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ń sọ fún mi láti ọjọ́ yìí.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ àwọn tíátà wa àtijọ́ mọ̀ pé ó rí bẹ́ẹ̀. Wọn kì í kọ eré sílẹ̀ tán kí wọ́n tó ṣe é. Ọ̀gá á sọ bí ìtàn ṣe máa lọ, òṣèré á wá fi ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀ kún un, èrò ìwòran náà á sì fi ariwo àti ẹ̀rín wọn darí rẹ̀. Obìnrin òyìnbó kan wà, Karin Barber, tó gbé ní Òkukù tó wà lójú ọ̀nà wa níbí, tó ń kọ́ nípa oríkì. Ó di ọmọ ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí, ó bá wọn ṣeré lórí ìtàgé. Òun àti Báyọ̀ Ògúndíjọ ṣe ìwé eré mẹ́ta tí ẹgbẹ́ náà ṣe, ó jáde ní 1994. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni wọ́n jókòó tì, tí wọ́n ń kọ ọ́ jáde ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Eré mẹ́ta, nínú gbogbo eré tí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ṣe ní gbogbo ayé rẹ̀! Ẹ wá ro iye ẹgbẹ́ tó wà. Ọ̀pọ̀ eré wọn kò dé inú sinimá, kò dé inú téèpù. Ẹni tó bá di Atóka mú lónìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun nìkan ló ní ojú àwọn òṣèré yẹn lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe wé gèlè, bí wọ́n ṣe bínú.

Nítorí náà n kò sọ pé òpin ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe òótọ́. Mo ra ìwé ọ̀rọ̀ kan, mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, mo fi ti àwọn ẹ̀dà náà. Eré náà ní òpin méjì ní ilé mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ tó wà n'Ílàá níbí. Òun nìkan ló kọ́kọ́ yé pátápátá nígbà tí mo ń sọ ohun tí ojú mi rí. Ìtàn alàwòrán ilẹ̀ Japan tí wọ́n ń pè ní manga ló máa ń kà lórí fóònù. Ó ti ka Naruto tán, iṣẹ́ ọwọ́ Masashi Kishimoto: orí 700, láti 1999 dé 2014. Ó ní lọ́jọ́ tí òun kà á tán, òun kò lè bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà kan máa ń bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wí pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Èmi kì í bá wọn dá sí i. Ohun tó ṣe é lọ́jọ́ náà ló ṣe mí nínú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀.

Òun ló sọ ìtàn ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kentaro Miura fún mi. Ọdún 1989 ló bẹ̀rẹ̀ manga kan tí wọ́n ń pè ní Berserk. Ó kú ní oṣù karùn-ún 2021, kò tíì parí rẹ̀. Àwọn tó ti ń kà á láti ọgbọ̀n ọdún rò pé òpin rẹ̀ ti bá a lọ. Àṣé ó ti jókòó sọ bí ìtàn náà ṣe máa parí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Kouji Mori, tipẹ́tipẹ́. Ní 2022, Mori jáde, ó ní ohun tí ọ̀rẹ́ òun sọ fún òun nìkan ni òun máa sọ, òun kò ní fi ti ara òun kún un. Ẹnu rẹ̀ àti ọwọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ Miura ni wọ́n fi ń bá a lọ títí di òní. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi ló wá sí mi lọ́kàn.

Ọdún 1968 ni ìwé ìròyìn Shōnen Jump, tó pàpà gbé Naruto jáde, bẹ̀rẹ̀ ní Japan. Atóka fi ọdún kan jù ú lọ. Ìwé olówó pọ́ọ́kú ni àwọn náà fi ń tẹ̀ ẹ́, àwọn ènìyàn a máa kà á tán nínú ọkọ̀ ojú irin kí wọ́n sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ á tún kó orí-orí ìtàn kan jọ, wọ́n á dì í ní ìwé kékeré tí ó nípọn, wọ́n á tẹ nọ́ńbà sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ìwé 72 ni Naruto jẹ́ báyìí. Ẹni tí ìkẹtàdínlógún bá sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ á lọ ra ìkẹtàdínlógún. Ní ìlú Kyoto, wọ́n sọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àtijọ́ kan di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé manga ní 2006, ó tó nǹkan bí 300,000 ohun tó wà níbẹ̀, ẹni tó bá sì sanwó ẹnu ọ̀nà lè mú ìwé lórí pẹpẹ kó lọ jókòó kà á. Ilé ìwé àtijọ́ kò wọ́n wa ní Ọ̀ṣun. Ó wù mí púpọ̀ kí Atóka ní irú ilé bẹ́ẹ̀, kó sì jẹ́ ilẹ̀ àwọn tó ṣe eré inú rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ sí.

Ohun tó mú Atóka kúrò lórí àtẹ kò ṣòro láti rí. Sinimá gba àwọn òṣèré: Àjàní Ògún ti jáde ní 1976, Bàbá Sàlá fúnra rẹ̀ ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982, lẹ́yìn náà ni fídíò dé, tó rọrùn ju sinimá lọ. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ọdún 1986 sì fọ́ náírà, ìwé tí wọ́n fi ń tẹ̀wé di ọ̀wọ́n gógó. Ẹni tó ti ń ra Atóka di ẹni tó ń ronú gàrí.

Ẹ jọ̀ọ́, mo bẹ̀ yín, ẹ yẹ inú àpótí wò. Ẹ wo ìdí rẹ̀, ẹ wo orí àjà, ẹ wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ìyá yín. Tí ẹ bá rí Atóka, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya. Bó bá pẹ́, á pọ́n, á sì jẹ ìwé náà. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ nítorí ikán. Ẹ fi kánfọ̀ sí i. Ẹ yà á sórí fóònù, ojú ewé kọ̀ọ̀kan, tẹ̀yìn tèèpo, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun sí i. Tí àgbàlagbà kan bá wà nílé tó rántí eré náà, ẹ ní kó sọ bó ṣe parí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ì báà má bá ti inú ìwé mu.

Eré mìíràn ni mo ń kó jọ lọ́wọ́ báyìí, ti ọlọ́dẹ kan tó lọ sí oko tí kò tètè dé. Ẹ̀dà tí mo rà ní Dùgbẹ̀ wà lára rẹ̀, mo sì ti rí méjì kún un lọ́wọ́ ẹnìkan n'Ísẹ̀dó nílùú yìí. Apá kẹta ni n kò rí rárá, apá tó kẹ́yìn sì ku ewé kan. Lójú ewé tó kẹ́yìn tó wà lọ́wọ́ mi, obìnrin kan dúró lójú ọ̀nà oko pẹ̀lú igbá lórí, ó yíjú padà, ó ń pe ẹnìkan tí kò sí nínú fọ́tò. Ẹni tó bá ní èyí tó tẹ̀lé e, n kò ní kó fún mi, n kò ní kó tà á. Kó ṣáà jẹ́ kí n wá bá a nílé, kí n kà á níbẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé iṣẹ́ rédíò yìí, wọ́n á jíṣẹ́ fún mi.